Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ń kọ́ àṣà nílé ìwé: àṣà wo, kí ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe?

Alhaja kan ládùúgbò wa ní Gáà Àkànbí wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun ìṣáà, fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kí n bá òun ka nǹkan. Ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fi táìmù-tébù ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, wọ́n sì kọ Transcultural Nursing síbi ọjọ́ Àlàrúbà. Ó ní òun bi ọmọ náà pé kí nìyẹn, ọmọ ní wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn nípa àṣà ni. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àṣà wo? Ilé kéwú lọmọ mi ti jáde, ṣé wọ́n fẹ́ máa kọ́ ọ ní ètùtù ni?" Bàbá ọmọ náà ní tiẹ̀ ti fọwọ́ sọ̀yà pé kọ́ọ̀sì japa ni, pé wọ́n ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún òyìnbó, kí àwa tá a bá kù nílé lọ máa wá ẹni tó máa gún wa lábẹ́rẹ́.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àìmọye èèyàn ni mo ti gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu wọn, pàápàá láti ọdún 2024 tí ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti ìwé ẹ̀rí gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ẹni tó bá ti gbọ́ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìlú òkèèrè báyìí, físà ló máa wá sí i lọ́kàn. Nọ́ọ̀sì lèmi náà, mo sì máa ń tọ́ àwọn stúdẹ́ǹtì sọ́nà ní wọ́ọ̀dù, torí ẹ̀ ẹ jẹ́ n tú u palẹ̀ bí mo ṣe tú u fún Alhaja lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ibi tí mo sáré kọjá fún un torí ilẹ̀ ti ṣú, màá dúró níbẹ̀ dáadáa níbí.

Kí ni àṣà ń wá nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì?

Tá a bá ti dárúkọ àṣà, ìlù àti aṣọ òfì lọ̀pọ̀ wa máa ń rí. Èyí tí wọ́n ń sọ níbí jìnnà sí ìyẹn. Bí èèyàn ṣe ń gbé ayé ẹ̀ láìtiẹ̀ ronú sí i ni. Ta ló ń pàṣẹ nílé bí ara ẹnì kan ò bá yá? Kí lẹ gbà pé ó ń fa àìsàn? Oúnjẹ wo lẹ kì í fún abiyamọ, ṣé ẹ máa ń ké bí nǹkan bá ń dùn yín àbí ẹ máa ń mú un mọ́ra, ta ló lè rí ara yín, kí lẹ ń ṣe sí òkú yín, kí lẹ ń ṣe sí ibi ọmọ? Kò sẹ́ni tí ò ní tiẹ̀. Dókítà tó kàwé jù ní tiẹ̀, òyìnbó ní tiẹ̀, ilé ìwòsàn gan-an ní àṣà tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí aláìsàn tó bá kọ́kọ́ wọbẹ̀ fi máa ń dà bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú tí ò mọ ibi tó máa gbà.

Transcultural nursing, ìtọ́jú tó ka àṣà aláìsàn mọ́ àìsàn ẹ̀ ni. Ẹ wo télọ̀ tó mọṣẹ́. Kò ní torí pé òun ti rán bùbá fún ọ̀pọ̀ obìnrin kó wá gé aṣọ yín láìwọ̀n yín. Kò há ìwọ̀n gbogbo ará Ìlọrin sórí, bí wọ́n ṣe ń fi téèpù wọn èèyàn ló mọ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yìí nìyẹn, bí wọ́n ṣe máa wọn aláìsàn kí wọ́n tó gé aṣọ. Tí ẹ bá rí olùkọ́ tó ń kọ́ wọn pé Fúlàní máa ń ṣe báyìí, Ìgbò máa ń ṣe tọ̀hún, ó ti ṣìnà, torí Fúlàní méjì tó jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà lè má gba nǹkan kan náà gbọ́. Mo ti rí i.

Ọ̀rọ̀ kejì tó máa ń bá a rìn ni global health, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìlera tí ò mọ bọ́dà. Ní July 2014 ọkùnrin kan gbé Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà nínú bàálù, October 20 ọdún yẹn ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, tó kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, láàárín ìgbà yẹn nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó bá a lọ. Ẹ wá wo ibi tí àṣà ti wọ̀ ọ́. Ní Làìbéríà, Gínì àti Sàró, ibi ìwẹ̀kú àti ìsìnkú ni àrùn yẹn ti ń ràn gan-an, torí ara òkú ló kún fún kòkòrò ẹ̀ jù. Àwọn òṣìṣẹ́ wá ń fi aṣọ tó bò wọ́n látòkè délẹ̀ wá gbé òkú lọ láìjẹ́ kí ẹbí rí i, ni àwọn ará ìlú bá ń fi aláìsàn pa mọ́, wọ́n ń sin òkú lóru, àrùn sì ń tàn sí i. Ìgbà tí wọ́n jókòó ti àwọn àáfà àti pásítọ̀ lára rọ̀ díẹ̀: kí ẹbí dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí wọ́n ṣàdúrà, kí Mùsùlùmí lè gba táyámọ́mù dípò omi, kí wọ́n fi aṣọ òkú funfun dì í. Kòkòrò ò yí padà o, oògùn ò yí padà, bí wọ́n ṣe bá èèyàn sọ̀rọ̀ ló yí padà.

Ṣé kọ́ọ̀sì japa ni?

Kì í ṣe òun. Kò sí orílẹ̀-èdè tó máa torí kọ́ọ̀sì yìí fún ẹnikẹ́ni ní físà. Ilé ìwé míì dá a dúró gedegbe, òmíì kó o mọ́ ìtọ́jú ìlera àdúgbò, gbogbo stúdẹ́ǹtì ló ń ṣe é, ẹni tó fẹ́ lọ àti ẹni tó fẹ́ lo gbogbo ayé ẹ̀ ní Ṣáàrẹ́.

Èyí tó da ìlú rú ní 2024 yàtọ̀. Ní February ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kéde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó bá gba láísẹ́ǹsì kí àwọn tó jẹ́rìí ẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ní March 1 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì sì jáde ìwọ́de l'Ábújá àti l'Ékòó. Ẹ̀rí tí wọ́n ń sọ yẹn dà bí ìgbà tẹ́nì kan fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, tí àwọn ẹbí ẹ̀ wá ń bi ará àdúgbò pé irú ọmọ wo ni. Ìlú òyìnbó máa kọ̀wé sílé pé ṣé lóòótọ́ lẹ forúkọ ẹni yìí sílẹ̀, ṣé kò lẹ́jọ́ lọ́rùn, ilé ló máa dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ìdánwò wọn ṣì ń bẹ níwájú, bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ti orí kọ̀ǹpútà kan, ti àfọwọ́ṣe kan, àti ti èdè.

Àwọn míì tún gbọ́ pé WHO fi Nàìjíríà sínú ìwé kan, wọ́n ní wọ́n ti fòfin de nọ́ọ̀sì wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2023 ni WHO to orúkọ orílẹ̀-èdè 55 jọ tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn ò tó nǹkan, a wà níbẹ̀, ìtúmọ̀ ẹ̀ ni pé kí àwọn olówó má wá máa pàtẹ síbí kó wọn lọ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá iṣẹ́ lọ, ìwé yẹn ò dí i lọ́nà.

Tá a bá wá ń sọ òtítọ́, ọmọ tó bá mọ kọ́ọ̀sì yìí dáadáa máa wúlò níbi yòówù tó bá lọ. Àmọ́ ibi tó ti máa kọ́kọ́ lò ó ni wọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìnkùlé wa.

Ta ló kọ́kọ́ rò ó?

Obìnrin nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Madeleine Leininger, ni ìwé máa ń dárúkọ. Láàárín 1950 sí 1960 ó ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ọpọlọ wọn ò balẹ̀, ó wá rí i pé ìtọ́jú kan náà ń bá àwọn kan lára mu, kò bá àwọn míì mu rárá, ìyàtọ̀ ibẹ̀ sì ni ilé tí kálukú ti jáde. Ó padà sí ilé ìwé lọ kọ́ nípa ìṣe àwọn èèyàn àgbáyé, ó lọ gbé láàárín àwọn Gadsup ní Papua New Guinea, ó kó nọ́ọ̀sì àti àṣà pọ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀, nọ́ọ̀sì ọmọ Māori kan ní New Zealand, Irihapeti Ramsden, gbé e síwájú sí i. Tiẹ̀ ni pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì ló máa sọ pé òun tọ́jú èèyàn dáadáa, aláìsàn ló máa sọ bóyá ọkàn òun balẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Láti 1992 ni wọ́n ti fi í sínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún. Èmi fẹ́ràn ti Ramsden yìí ju ti Leininger lọ, torí èèyàn lè mọ àṣà aláìsàn délẹ̀ kó tún máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé òyìnbó nìkan ló gbọ́n. Ní 1954, Dókítà Adeoye Lambo ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, fi àwọn tí orí wọn ò pé wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan wọn kan á wà pẹ̀lú wọn, wọ́n á sebẹ̀ tí wọ́n mọ̀ jẹ, wọ́n á bá ará abúlé ṣeré, wọ́n á wá sí ilé ìwòsàn gba ìtọ́jú, ó tiẹ̀ ń pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn sí i. Wọ́n ti ibi tó jìnnà wá wo ohun tó ṣe.

Ṣé nọ́ọ̀sì tó wà n'Ílọrin nílò ẹ̀?

Ẹ wo orúkọ àdúgbò tí mo ń gbé. Gáà ni ibi tí Fúlàní ń dó sí, Gáà Àkànbí, Gáà Imam, gbogbo ẹ̀ ti di ìgboro. Ẹ rìn díẹ̀ ẹ bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ Hausa. Àwọn Tápà ń ti Làfíàgí àti Pàtígì wá, Bàrùbá ń ti Baruten àti Kaiama wá, Ìgbómìnà ń ti Òmù-Àrán àti Ìgbàjà wá, àwọn ará Ọ̀fà náà ń bọ̀, gbogbo wọn á pàdé lórí ìlà kádì kan ṣoṣo láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ n'Ílọrin ò nílò bàálù kó tó pàdé àgbáyé.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi. Ọdún kejì mi nílé ìwé ni, wọ́n gbé wa lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ ní ilé ìwòsàn kan. Obìnrin Fúlàní kan wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, àkọ́bí ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ọmọkùnrin. Tí mo bá gbé ọmọ fún un, á kọjú sí ògiri. Ọmọ á ké, kò ní yíjú. Mo bi í pé kí lorúkọ ọmọ, ó dákẹ́. Ìyá ọkọ ẹ̀ ló ń gbé ọmọ, òun ló ń rẹ̀ ẹ́. Àánú ọmọ ṣe mí, mo bínú sí obìnrin náà, mo bá mú bírò, mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé ìyá kò gba ọmọ ẹ̀ mọ́ra. Mo lọ sọ fún sister tó wà lórí ṣífìtì. Bọ́rọ̀ ṣe ń lágbára nìyẹn, ẹnì kan ní ká pe àwọn wẹ́fíà, ẹnì kan ní ká gbé ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyá ọkọ rí i pé ojú tí à ń fi wò wọ́n ti yí, ló bá ń di ẹrù, ó ní àwọn ń lọ sílé, ibà pọ́njú sì ti ń mú ọmọ náà, ojú ẹ̀ ti ń pọ́n, kò yẹ kó lọ síbì kankan.

Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ló yọ wá. Ọmọ apá Kaiama ni, ó gbọ́ Fúlàní. Ó fi mọ́ọ̀pù ti ògiri, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Nọ́ọ̀sì kékeré, àkọ́bí ni. Ìtìjú ni. Kò lè ṣìkẹ́ ẹ lójú ìyá ọkọ ẹ̀, kò sì lè dárúkọ ẹ̀. Dìde lóru kó o lọ wò ó."

Mo dìde. Aago méjì ti kọjá. Ìyá ọkọ ti sùn sórí ẹní nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin yẹn ti fi aṣọ bo tọ́ọ̀ṣì fóònù kí ìmọ́lẹ̀ má bàa pọ̀, ọmọ wà lẹ́nu ọmú, ó ń fi ìka ẹ̀ kan àwọn ìka ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kà wọ́n, ó ń kọrin kan sábẹ́ ètè tí mi ò gbọ́ ìtúmọ̀ ẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó fà sẹ́yìn, ó tún kọjú sí ògiri.

Wọn kì í ya ìwé fáìlì ya. Mo fa ìlà kan ṣoṣo gba orí ohun tí mo kọ, mo buwọ́ lù ú, mo fi déètì sí i, mo kọ tuntun sísàlẹ̀. Sister bẹ ìyá ọkọ, obìnrin tó ń nulẹ̀ bá wa ṣe ògbufọ̀, wọ́n dúró títí ojú ọmọ fi mọ́.

Ọ̀pọ̀ Fúlàní ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pe ìwà tó yẹ Fúlàní ní pulaaku, ìtìjú àti ìkóra-ẹni-níjàánu wà lára ẹ̀. Àwa Yorùbá náà ńkọ́? Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, akọ̀wé ni, ìdílẹ̀kẹ̀ ni, ìbàdíàrán ni. Tí nọ́ọ̀sì kan tí ò mọ̀ wá bá bi ìyàwó wa pé kí lorúkọ àbúrò ọkọ ẹ tó gbé ẹ wá, tó ní "akọ̀wé", ṣé kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin yìí ò mọ ẹbí ẹ̀?

Tí àṣà náà bá ń pani lára ńkọ́?

Ibí ni Alhaja ti gbá mi mú. Ó ní ṣé gbogbo ohun tí aláìsàn bá ti ṣe, kí nọ́ọ̀sì máa wò ó ni? Rárá o. Ọ̀nà mẹ́ta ni Leininger là sílẹ̀, mo ń sọ ọ́ lọ́nà tiwa.

Àkọ́kọ́, èyí tí ò ṣe nǹkan, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹbí fẹ́ gba ibi ọmọ lọ sin sílé, ẹ dì í dáadáa kẹ́ ẹ kó o fún wọn. Àáfà fẹ́ ka Kùránì sétí aláìsàn, ẹ wá àga fún un. Nọ́ọ̀sì tó bá ń fi irú èyí jà, iṣẹ́ ló ń wá fún ilé agbẹ̀bí tí ò ní irinṣẹ́.

Èkejì, ẹ jọ wá ọgbọ́n dá sí i. Obìnrin tó ní kí ọkùnrin má rí ara òun, tí dókítà tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ọkùnrin: kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì í, kí wọ́n ṣí ìwọ̀nba ibi tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, kí hijab wà lórí ẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ti ààwẹ̀ náà wà níbẹ̀, màá dé ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló le, ìyẹn èyí tó gbọ́dọ̀ yí padà. Ní 2011, ní Boston l'Ámẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò, wọ́n bá òjé níbẹ̀. Òjé léwu fún ọpọlọ ọmọdé gan-an. Àwọn òbí ẹ̀ ti Nàìjíríà ṣẹ̀ wá, wọ́n wá ibi tí òjé ti wá tì, àfi ìgbà tí wọ́n dé orí tìróò tí wọ́n gbé láti ilé wá tí wọ́n ń fi lé ojú ọmọ. Wọ́n gbé tìróò yẹn lọ yẹ̀ wò, òjé ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ rò ó wò, ìyá tó fẹ́ kí ojú ọmọ òun dán. Tí nọ́ọ̀sì bá jágbe mọ́ ọn, á lọ, á máa lé e níkọ̀kọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ́ ọmọ tuntun, tí àwọn kan ń fi ìgbẹ́ màlúù sí, tí àwọn míì ń fi ọṣẹ ìfọyín sí. Nínú ohun tí mo ti rí, tí ẹ bá ní kí ìyá àgbà má fi nǹkan kan sí i, ó máa dà bíi pé ẹ ní kó pa ọmọ tì, ọwọ́ ẹ̀ ò ní gbà. Àmọ́ tí ẹ bá gbé jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí wọ́n ṣe fún ìwọ́ lé e lọ́wọ́, tí ẹ ní màmá, èyí ni kẹ́ ẹ máa fi sí i, ọwọ́ ẹ̀ ti ríṣẹ́ ṣe, ìgbẹ́ màlúù tó lè gbé tẹtánọ́ọ̀sì wọlé ò sì débẹ̀.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú kíláàsì gan-an?

Ìbéèrè ni wọ́n ń kọ́. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arthur Kleinman, ló to àwọn ìbéèrè kan sílẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò títí dòní. Tí ẹ bá gbọ́ wọn ní Yorùbá, wọ́n dà bí ohun tí ìyá àgbà yín máa bi yín. Kí lẹ̀ ń pe ohun tó ń ṣe yín yìí? Kí lẹ rò pé ó fà á? Kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò yìí ló bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ̀ ń bẹ̀rù jù nínú ẹ̀? Stúdẹ́ǹtì máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ní kí wọ́n máa bi ara wọn, àmọ́ ẹ gbé wọn dé iwájú bàbá kan tó ní ọdẹ orí ló ń ṣe òun, pé nǹkan ń rìn òun lórí, etí òun ń hó, kòkòrò ń fà lára òun, tó bá jẹ́ èdè ilé ìwé nìkan lọmọ náà gbọ́, orí fífọ́ ló máa kọ. Dókítà Makanjuola ti kọ̀wé lórí ọdẹ orí yìí láti 1987, pé àìbalẹ̀ ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ló sábà máa ń wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tí ò bá béèrè ò ní débẹ̀.

Wọ́n ń kọ́ wọn ní ògbufọ̀ náà. Ẹ má fi ọmọ aláìsàn ṣe ògbufọ̀ fún un. Ọmọ ọdún mọ́kànlá wo ló máa bi ìyá ẹ̀ pé ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn? Á fò ó, tàbí kó dá a sọ lọ́kàn ara ẹ̀. Ẹ wá àgbàlagbà, kẹ́ ẹ sì kọjú sí aláìsàn fúnra ẹ̀ bẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ògbufọ̀ lẹ wá tọ́jú.

Ìrora pàápàá ní èdè. Ìwé ní kẹ́ ẹ bi aláìsàn pé láti òdo dé mẹ́wàá, èló ni? Màmá kan ní Òmù-Àrán wo mi báyìí, ó ní, "Ọmọ mi, ìrora kì í ṣe owó." Mo wá bi í pé bíi ti ìrọbí ni àbí bíi ti eyín, kíá ló dáhùn. Tí ẹ bá sì ṣàlàyé oògùn tán, ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó yé yín, torí Yorùbá tó lẹ́kọ̀ọ́ ò ní wo ojú nọ́ọ̀sì kó ní kò yé òun. Ẹ ní kí wọ́n bá yín sọ bí wọ́n ṣe máa lò ó tí wọ́n bá délé, ibẹ̀ lẹ máa ti rí ibi tọ́rọ̀ ti wọ́.

Bí ọmọ bá wá dé òkè òkun?

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ mú wọn ni "sorry". Tẹ́nì kan bá kọsẹ̀, à ń kí i pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ àánú ni. Ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ẹni tó bá sọ sorry lọ́wọ́ ẹ̀ ló ti ṣẹ̀, nọ́ọ̀sì wa á dúró ti aláìsàn tó ṣubú láìjẹ́ pé ó wà níbẹ̀, á ní sorry sorry, ẹbí á wò ó pé òun ló fà á.

Ojú wíwò náà nìyẹn. Ọmọ tá a tọ́ dáadáa n'Ílọrin á gbé ojú sílẹ̀ fún àgbà. Lọ́hùn-ún wọ́n máa ń rò pé ẹni tí ò lè wo ojú ẹni ń fi nǹkan pa mọ́. Orúkọ ńkọ́? Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún á ní kí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún máa pe òun ní Peter, ẹnu ọmọ ò ní gbà á, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì máa bínú tí wọn ò bá fi Mister sí tiẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ò ju kó béèrè pé kí lẹ fẹ́ kí n máa pè yín.

Èyí tó lágbára jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti àṣírí. Nílé níbí, àkọ́bí ọkùnrin ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tí àìsàn bàbá bá le, bàbá lè má tiẹ̀ mọ̀. Lọ́hùn-ún, bàbá ló ni ara ẹ̀, tó bá ní kí wọ́n má sọ fún ọmọ òun, wọn ò gbọ́dọ̀ sọ, ọmọ ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì tó fi ojú ilé wò ó lè pàdánù láísẹ́ǹsì ẹ̀ níbi tó ti ń ṣàánú.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà lè pani. Ẹni tó ń sọ èdè Sípéènì, tí wọ́n bá kọ "once" sára ìgò oògùn ẹ̀, pé kó lò ó lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, mọ́kànlá ni lẹ́tà mẹ́rin yẹn ń jẹ́ lédè ẹ̀. Àwọn ará Vietnam máa ń fi owó irin họ ẹ̀yìn ọmọ tí ibà ń ṣe, á wà ní ìlà pupa-pupa, nọ́ọ̀sì tí ò mọ̀ á rò pé wọ́n na ọmọ ni. Ẹ wá rántí ọmọ tiwa tó ní gbẹ́rẹ́ láyà tó wọ ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé àwọn kan máa kọ̀ wọ́n. Kofoworola Abeni Pratt bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1946, aláìsàn kan wà tó ní aláwọ̀ dúdú ò ní tọ́jú òun. Ó parí ẹ̀kọ́ ẹ̀, ó padà wálé, òun ló wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ matron, ìyẹn ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn. Ọmọ tí wọ́n ti sọ fún ṣáájú, tó mọ ẹni tó máa fẹjọ́ sùn, kò ní rò pé òun lòun ṣe nǹkan tí ò dáa.

Ti Alhaja ńkọ́?

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, Alhaja ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní ìyá òun tó wà ní Ìgbàjà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo ààwẹ̀ ló máa ń ju oògùn sílẹ̀, òun bá a lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó dì í sínú bébà. Tí wọ́n bá lọ sí kílíníìkì, wọ́n á wọn BP, á ga, nọ́ọ̀sì á pariwo pé màmá ẹ kì í gbọ́ràn, màmá á dorí kodò, á ní ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó béèrè rí.

Àlàrúbà tó tẹ̀ lé e ni ọmọ náà ṣe kíláàsì àkọ́kọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó pe ìyá ìyá ẹ̀ lórí fóònù, Alhaja fi í sí sípíkà kí n lè gbọ́. Ọmọ náà kí wọn dáadáa, ó bi wọ́n léèrè oko, léèrè ẹ̀yìn tí ń dùn wọ́n, kó tó ní, "Màmá àgbà, oògùn BP yín yẹn, kí lẹ̀ ń bẹ̀rù jù nínú ẹ̀?"

Màmá dákẹ́ débi tá a rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Àárọ̀ ni wọ́n ní kí n máa lò ó. Tí mo bá lò ó, mo ti jẹ ààwẹ̀. Mi ò mọ ọjọ́ tí Ọlọ́run máa pè mí, mi ò fẹ́ lọ pẹ̀lú gbèsè ààwẹ̀ lọ́rùn."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Alhaja gbé wọn lọ sí kílíníìkì, wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún dókítà. Dókítà wo oògùn, ó ní ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni, ó fagi lé "àárọ̀", ó kọ "sààrì" síbẹ̀.